Òkú Tí Kò Rí Ilé Gbé: Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́ àti Ìtàn Òkú Tí Ń Rìn ní Èkó

Àdúgbò tuntun ni Ìlúpéjú bí a bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ wé ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 wá ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín Mushin àti Oshodi. Orúkọ rẹ̀ ń sọ irú ibi tí ó jẹ́: ìlú péjú. Ará Ìjẹ̀bú péjú síbẹ̀, ará Èkìtì péjú, ará Ọ̀yọ́ péjú, àwọn tí èdè abínibí wọn kì í ṣe Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́, tàbí ilé ìjọba tí ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀, erékùṣù Èkó ni yóò sọdá lọ. Kò níí wá a lọ sí Ìlúpéjú.

Síbẹ̀, ìtàn òkú tí ń rìn kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ilé-ìwé gbígbé dé fún ìsinmi yóò máa fi ìtàn Madam Koi Koi dẹ́rù ba àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà tí iná bá kú lálẹ́: olùkọ́ obìnrin tí ó ti kú, tí ó ń fi bàtà onígìgísẹ̀ gíga rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìbùsùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóru, kòí, kòí, kòí. Àgbàlagbà a máa fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀rẹ́ kan tí ó ní òun fojú ara òun rí ẹni tí wọ́n ti sin nílé, tí ẹni náà ń ra ata ní ọjà Òjúwòyè.

Àwọn òyìnbó gbà pé ilé àtijọ́ ni iwin máa ń gbé: ilé ọlọ́lá tí ó ti di ahoro, tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti tì. Kí ló dé, nígbà náà, tí òkú ń rìn ní àdúgbò tí kò ní ilé àtijọ́? Ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí Yorùbá gbà pé òkú ń wá, kí ó tó wo àwọn ilé tí ìtàn rọ̀ mọ́.

Ohun tí èdè ń fi hàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sábà ń lò fún òkú tí ó fara hàn. Yorùbá ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iwin jẹ́ ẹ̀dá inú igbó àti inú igi. Kì í ṣe òkú ènìyàn. Ẹgbére jẹ́ ẹ̀dá kúkúrú tí ń sunkún tòun ti ẹní lọ́wọ́. Àlùjọ̀nnú ti inú èdè Lárúbáwá wọ èdè Yorùbá, ó sì bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù rìn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fìgbà kan jẹ́ bàbá tàbí ìyá ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó jẹ́ òkú ní tòótọ́ ni egúngún, tí a ń pè ní ará ọ̀run, àti àkúdàáyà, ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí wọ́n sì tún rí i láàyè ní ìlú mìíràn.

Nínú àwọn méjì tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí, ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà. Egúngún ní ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pè é wá, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ oríkì rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò padà. Àkúdàáyà sá kúrò nílé ni. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ni ó ń wá.

Ní ayé àtijọ́, àgbàlagbà tí ó bá kú, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ń sùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré lórí ilẹ̀ kan náà, ẹ̀rù kò sì bà wọ́n. Bí ọ̀ràn bá ṣòro, ẹ̀gbẹ́ ibojì náà ni olórí ẹbí yóò lọ láti bá bàbá sọ̀rọ̀. Àwọn ìdílé kan tún ní àṣà fífa eégún òkú wọlé: lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á pe òkú padà sínú ilé kí ó lè ní ojúbọ níbẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún gan-an ni Yorùbá ń fi ìnáwó wá. Ilé tí òkú wà nínú rẹ̀ ni ilé tí ó ní gbòǹgbò. Òkú tí kò ní ilé ni ó ń ba ènìyàn lẹ́rù.

Àwọn ará Èkó fi Èyò, tí í ṣe Adámú Òrìṣà, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ní gbangba. Ìsìnkú ìkẹyìn fún ọba tàbí ẹni ńlá ni Èyò jẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ọba Akíntóyè ní ọdún 1854 ni àkọsílẹ̀ sábà ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí ó wọ aṣọ funfun láti orí dé ilẹ̀ a gba ìgboro kan. Kò sí ẹni tí ń sá nítorí pé òkú ń kọjá. Ìlú ti mọ ẹni tí wọ́n ń sìn lọ.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ

Bí a bá ti mọ èyí, a lè wo àwọn ìlú tí ìtàn òkú wọn gbajúmọ̀ jù lọ láyé lónìí, kí a sì rí i pé ìmọ̀ Yorùbá yìí tàn ìmọ́lẹ̀ sí wọn pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọ̀daràn rẹ̀ lọ wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Australia ni ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó mọ̀ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò kò pọ̀.

Kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1775, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó àwọn ọ̀daràn wọ̀nyí lọ. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí ojú sí etíkun wa. Ní ọdún 1782, wọ́n sọ àwọn ọ̀daràn kan di ọmọ ogun, wọ́n sì kó wọn wá sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ibà àti ìyà pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn sá lọ. Ọ̀gágun wọn so ọ̀kan nínú wọn mọ́ ẹnu àgbá, ó sì yìn ín. Ní ọdún 1785, ìmọ̀ràn mìíràn tún wáyé pé kí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dá sí erékùṣù kan nínú odò Gambia. Àwọn kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin takò ó pé ìdájọ́ ikú lábẹ́ orúkọ mìíràn ni. Ìgbà tí èyí kò ṣeé ṣe ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gbé àwọn ẹlẹ́wọ̀n gúnlẹ̀ sí Australia ní oṣù kìíní ọdún 1788. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní ọdún 1868, àwọn tí wọ́n ti kó lọ ju 160,000 lọ.

Port Arthur ní erékùṣù Tasmania wà lára ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ọdún 1830 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 1877 ni wọ́n sì tì í. Lónìí, àwọn àlejò ń sanwó kí wọ́n lè fi àtùpà rìn láàárín àwókù rẹ̀ lóru, kí wọ́n máa gbọ́ ìtàn àwọn òkú tí ń rìn níbẹ̀. Erékùṣù kékeré kan wà ní iwájú ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Òkú, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú sí. Àwọn ọmọ ogun, àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn ní òkúta ìrántí lórí ibojì wọn. Ní ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ kò fi gbà kí a fi òkúta sàmì sí ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Àgbàlagbà Yorùbá kan tí kò rí Tasmania rí lè sọ ìdí tí àwọn òkú náà kò fi sùn.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street

Èkó kò di ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún Èkó. Oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n gba ìlú náà. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ fi dé, ẹ̀wọ̀n sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1872, wọ́n dá ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ ní Broad Street láti gba 300 ènìyàn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé amọ̀ àti koríko ni ilé àkọ́kọ́, àti pé àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba a máa sọ iná lu òrùlé rẹ̀. Ní ọdún 1885, wọ́n kó bíríkì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láti tún un kọ́. Àwọn ògiri bíríkì wọ̀nyí ni ìran mẹ́ta ní Èkó dàgbà bá.

Olè àti apànìyàn wọ ibẹ̀. Àwọn tí ọ̀ràn wọn kò ju ẹnu wọn lọ náà wọ ibẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 1913 lórí ọ̀rọ̀ owó ogún kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1928 lórí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde ní àkókò ìjà lórí oyè Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ ní àsìkò ẹjọ́ rẹ̀, èyí tí ó parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar.

Àwọn wọ̀nyí jáde láàyè, ìtàn sì pa orúkọ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn tí a dá ẹjọ́ ikú fún wà nínú ọgbà kan náà. Àwọn tí ó gun ibẹ̀ kò jáde, àwọn tí ó mọ orúkọ wọn lónìí kò sì tó nǹkan.

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ilẹ̀ rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí ayàwòrán-ilé Theo Lawson fi mú àbá wá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìrántí. Ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó gba òmìnira, wọ́n ṣí i pẹ̀lú orúkọ Freedom Park. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí apá kan nínú ògiri àtijọ́ àti ipasẹ̀ àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n lórí ilẹ̀. Ibi tí igi ìyẹgi wà ni wọ́n sọ di pèpéle ńlá tí àwọn olórin àti àwọn òṣèré ń lò.

Ẹni tí ìjọba sin

Kí ni ó mú òkú ọgbà ẹ̀wọ̀n yàtọ̀ sí òkú mìíràn? Lábẹ́ òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀, ìwé àṣẹ ìjọba ni ó ń sọ ibi tí wọn yóò ti yẹgi fún ẹni tí a dá ẹjọ́ ikú fún, òun náà ni ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò sin òkú rẹ̀ sí. Ẹbí kò ní ohùn níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin ọdún 1868 ti pàṣẹ pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n ti máa yẹgi, inú rẹ̀ náà ni kí wọ́n sì máa sin òkú náà sí. Ìyà ikú nìkan kọ́ ni èyí. Wọ́n gba ìsìnkú lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì gba òkú lọ́wọ́ ilé.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò pa ọ̀daràn rí, tàbí pé gbogbo òkú ni wọ́n sin sílé. Ọ̀tọ̀ ni ètò fún òkú adẹ́tẹ̀ àti abuké, ọ̀tọ̀ ni ti aboyún, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni tí ó pokùn so. Àwọn tí ètò wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń sin irú òkú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ètùtù. Ṣùgbọ́n ètò wà: ẹnìkan mọ ibi tí òkú náà wà, ẹnìkan sì ṣe ohun tí ó yẹ kí ilẹ̀ lè rọ̀.

Ìtàn Ṣàngó jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ okùn. Ohun tí ìtàn kan sọ ni pé nígbà tí ọ̀ràn dójú rú fún ọba náà, ó jáde kúrò ní Ọ̀yọ́, ó sì pokùn so sórí igi àyàn. Àwọn tí ó kù tì í kò gbà. Wọ́n ní, “Ọba kò so.” Kòso ni a ń pe ibẹ̀ títí dòní, ojúbọ sì ni. Àwọn olùfẹ́ Ṣàngó lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ di igbó tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti kọjá. Wọ́n yàn láti fún un ní orúkọ, kí wọ́n sì máa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Pèpéle orin tí ó wà níbi igi ìyẹgi ní Freedom Park jọ èyí díẹ̀. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni orúkọ àwọn òkú.

Èkó tún ṣe ohun mìíràn ní àwọn ọdún 1970 kan náà. Wọ́n tú itẹ́ òkú Ajélẹ̀, níbi tí wọ́n ti sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ Èkó ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, wà lára wọn. Ní tirẹ̀, wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina, nítorí pé ìjọ rẹ̀ wà láàyè láti gbà á. Kì í ṣe gbogbo òkú ibẹ̀ ni ó ní irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlú kan wó ilé àwọn òkú tí ìjọba pa, ó sì tú ilé àwọn òkú tí ìjọba bọlá fún. Bí ìtàn òkú tí ń rìn bá pọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu.

Kànga ìgbàgbé àti igi ìpadàbọ̀

Ẹ̀rù òkú tí kò rí ilé ti wà ní etíkun yìí kí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó dé, nítorí òwò ẹrú. Ní Àgbádárìgì, wọ́n ń fi yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní ilé Séríkì Williams Abass han àlejò. Bí àlejò bá sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọn yóò fi kànga kan hàn án. Ìtàn ibẹ̀ ni pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ní Ouidah, ní Olómìnira Benin, igi ni wọ́n ń sọ ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin a yí igi ìgbàgbé ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin a yí i ká lẹ́ẹ̀meje. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní igi kejì, igi ìpadàbọ̀, tí àwọn ẹrú ń yí ká lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀mí wọn lè padà wá sílé bí wọ́n bá kú sí òkè òkun.

Yálà àwọn ìtàn wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n tàbí wọn kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ yé wa. Ìyà tí ó tóbi jù lójú àwọn tí ó ń sọ ọ́ ni kí ènìyàn kú síbi tí ọ̀nà ilé ti sọnù. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Àwọn ará Opobo náà mọ èyí. Nígbà tí Ọba Jájá, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò nílùú ní ọdún 1887, kú sí Tenerife ní ọdún 1891, àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ètò títí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ padà wá sílé. Kò di òkú tí ń rìn. Ó di baba ńlá.

Àkúdàáyà láàárín àjèjì

A lè padà sí Ìlúpéjú wàyí. Ìgbàgbọ́ nípa àkúdàáyà ni pé ẹni tí ikú mú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé a máa lọ gbé ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Á ṣiṣẹ́, á gbéyàwó, á bímọ. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá dé ibẹ̀ ni yóò pòórá. Amos Tutuọlá mú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1952, The Palm-Wine Drinkard, jáde láti inú ìgbàgbọ́ bí èyí: àwọn òkú ní ìlú tiwọn, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń fi rìn níbẹ̀.

Irú ìtàn yìí kò nílò ilé àtijọ́ rárá. Ìlú àjèjì ni ó nílò. Ní abúlé, gbogbo ènìyàn mọ ilé tí olúkúlùkù ti jáde. Ní àdúgbò tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń gbé ilé kan, tí ẹni kan kò mọ ìlú ẹnìkejì, àyè wà fún ẹni tí kò ní ìtàn. Ìdí nìyí tí ọjà fi jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rí wọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ tí ó wo ọjà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Òwe wa pẹ̀lú sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ̀rù tí ó wà nídìí ìtàn àkúdàáyà ní Èkó kì í ṣe ti òkú nìkan. Ẹ̀rù ẹni tí ó lè kú sínú yàrá kan ní Ìlúpéjú, tí onílé kò níí mọ ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí, wà níbẹ̀.

Madam Koi Koi bá èyí mu. Ìtàn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àwọn kan ní ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó pa á, àwọn kan ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fìyà jẹ ni ó pa á tí wọ́n sì fi òkú rẹ̀ pamọ́. Ìtàn tí ó jọ ọ́ wà ní Gánà, Netflix sì gbé eré kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2023. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, olùkọ́ náà kò ní ìlú, kò ní ọmọ, kò sì ní ibojì. Kódà kò ní orúkọ. Ìró bàtà rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní tirẹ̀ láti sọ. Páànù orí ilé tí oòrùn ti yan lọ́sàn-án a máa súnkì bí afẹ́fẹ́ òru bá tutù, á sì máa dún kó-kó bí ẹni ń rìn. Àdán àti eku a máa gbé òkè àjà. Ẹni tí ó jí lójú oorun tí kò lè mira, tí ó ní ohun wúwo kan gùn òun láyà, èyí tí Yorùbá ń pè ní ogun òru, ọkàn rẹ̀ ti jí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń sùn ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ gbogbo èyí kí ó lè sùn. Ṣùgbọ́n páànù lè ṣàlàyé ìró náà, kò lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn ọmọ fi gbà pé olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́

Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìtàn òkú tí ń rìn wá bá lè fi í ṣẹ̀sín, ó sì lè fi í dẹ́rù ba kíláàsì kí wọ́n lè dákẹ́. Ọ̀nà méjèèjì fi ìmọ̀ ṣòfò. Ohun tí ó sàn jù ni kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó kú? Ta ni ó sin ín? Ta ni kò fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí tọ àgbàlagbà àdúgbò rẹ̀ lọ, tàbí tí ó bá fi wá ìwé lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn, yóò kúrò nídìí iwin bọ́ sídìí ìtàn. Ìtàn tí ó bá fẹ̀sùn kan ẹni tí ó wà láàyè, bí àwọn tí ń pe arúgbó àdúgbò ní àjẹ́, kò sí lára èyí tí a ń sọ. Kí olùkọ́ dá irú rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀.

Àkókò ò dúró dè wá lórí iṣẹ́ yìí, nítorí pé àwọn ilé ń lọ. Ilé Ilọ́jọ̀, tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Ojúde Tinúbú ní 1855, wà lára ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Jaekel House tí ó wà nínú ọgbà rélùwéè ní Ebute Metta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, bọ́ lọ́wọ́ irú ìparun yìí nítorí pé àwọn kan dìde láti tún un ṣe. Bí ilé bá ti wó, ẹnu àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ni ó kù, àwọn yẹn náà kò sì ní wà títí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí eré bá wà ní Freedom Park, àwọn ọ̀dọ́ a máa jó níwájú pèpéle tí ó wà níbi tí wọ́n ti yẹgi fún ènìyàn rí. Kò burú kí wọ́n jó; Yorùbá kì í fi ìdákẹ́jẹ́ sin òkú. Ṣùgbọ́n ní Èyò, wọ́n kọ́kọ́ ń kéde orúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kí aṣọ funfun tó jáde. Àwọn tí ó kú síbi pèpéle yìí ṣì ń dúró de ẹni tí yóò wá orúkọ wọn kàn nínú ìwé, tí yóò sì pè é sókè níbẹ̀. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti Ìlúpéjú lè ṣe ni.